Ibi Tí Iná Ti Gbọ́dọ̀ Dúró

Etí la fi ń se ọbẹ̀ nílé wa. Ata gbọ́dọ̀ hó yaa, kó dín, kí epo léfòó, ká tó gbà pé ó jinná. Ìyá tó jókòó sí pálọ̀ á gbọ́ ìró ìkòkò láti ibi tó wà, á sì ké sí ọmọ pé kó lọ dín iná kù. Nílé ìdáná àwọn ará Japan, ojú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, torí pé bí ìkòkò bá ti dún, ó ti pẹ́ jù.

Wo ìkòkò kan lórí iná kékeré. Omi tútù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ègé ewé òkun kan tó dúdú, tó le bí awọ bàtà nígbà tí wọ́n jù ú sínú omi. Ó ti rọ̀ báyìí, ó ti na ara rẹ̀, ó ti fẹ̀. Ìfófòó wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò àti etí ewé náà bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké. Ọ̀kan já, ó gòkè. Èkejì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti ń wọlé lọ mú ewé yẹn jáde, kí omi tó hó.

Bí ayé bá gbọ́ oúnjẹ Japan, ẹja tútù ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé wọn, èyí tí ìyá ń sè fún ọmọ láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé, orí iná ló wà, ó sì rọrùn débi pé èèyàn lè ka ohun èlò rẹ̀ lórí ìka. Ohun tó le níbẹ̀ ni mímọ ibi tí iná ti gbọ́dọ̀ dúró lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ púpọ̀.

Omi tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní dashi. Ọbẹ̀ miso (ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ tí wọ́n ti jẹ́ kó pẹ́), ẹ̀fọ́, elégédé, ẹyin tí wọ́n dín tí wọ́n sì ká, adìyẹ àti ẹyin lórí ìrẹsì, dashi ló wà nídìí gbogbo wọn. Ohun méjì péré ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni ewé òkun yẹn, kombu, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Hokkaido, erékùṣù ńlá tó wà lókè àríwá pátápátá, níbi tí òkun ti tutù. Èkejì ni katsuobushi: ẹja katsuo, tó jẹ́ ìbátan túnà, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n yọ egungun rẹ̀, tí wọ́n sì fi èéfín igi gbẹ léraléra títí tó fi le bí igi. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀, wọ́n á tún jẹ́ kí èbu kan pàtó hù sí i lára, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á jẹ́ kó tún hù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Èbu yẹn ń fa omi tó ṣẹ́ kù nínú ẹja, ó sì ń jẹ ọ̀rá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi ń mọ́ gaara tí ọ̀rá kì í léfòó lójú rẹ̀. Ìlú Makurazaki ní Kagoshima àti Yaizu ní Shizuoka ni wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí jù. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ní àpótí onígi tí abẹ wà lórí rẹ̀, wọ́n á máa fá ẹja náà bí káfíńtà ṣe ń fá pákó. Lónìí, púpọ̀ ń ra èyí tí wọ́n ti fá sínú ọ̀rá, tó fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn ẹnu lè gbé e lọ.

Fún lítà omi kan, wọn gíráàmù 10 kombu, ìyẹn ègé kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, àti gíráàmù 20 sí 30 katsuobushi, bí ẹ̀kúnwọ́ ńlá méjì. Ìyẹ̀fun funfun tó wà lára kombu kì í ṣe ìdọ̀tí, adùn rẹ̀ ló yọ síta. Má fọ̀ ọ́ dànù. Fi aṣọ tútù nu iyanrìn kúrò, ó tán. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí àyè bá wà, fi í sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Gbé e ka iná kékeré, kó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé etí híhó. Bí o bá ní ohun tí a fi ń wọn gbígbóná omi, má jẹ́ kó kọjá digírì 80. Yọ kombu.

Bí o bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí omi hó, wàá mọ̀. Omi á yọ̀ díẹ̀ bí omi ewédú, á sì máa rùn bí etí òkun. Kò sí ohun tó lè tún un ṣe, kódà atalẹ̀ kò lè bo òórùn yẹn. Omi míì ni kó o gbé kaná.

Lẹ́yìn tí kombu bá jáde ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ láǹfààní láti hó. Bó bá ti hó, pa iná, jẹ́ kó fara balẹ̀ díẹ̀, kó o wá da katsuobushi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Má rò ó. Á kọ́kọ́ léfòó, á máa mì bí ẹni pé ó wà láàyè, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Fi aṣọ mímọ́ sórí asẹ́, sẹ́ ẹ. Níbí ni ọwọ́ ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣì í ṣe, torí pé bí a bá ń sẹ́ ògì, a máa ń fún aṣọ náà títí ẹ̀kán ìkẹyìn á fi jáde. Dashi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fún aṣọ yẹn, ìkorò inú ẹja á bọ́ sínú omi, omi á sì ṣú. Jẹ́ kó máa ro fúnra rẹ̀. Ohun tó bá jáde yẹ kó ní àwọ̀ tíì tí kò ki rárá, kó mọ́ débi pé wàá rí ìdí abọ́.

Ẹni tó ń gbé ní London tó ṣe gbogbo èyí tí dashi rẹ̀ sì ń tẹ́ lẹ́nu, kó yẹ inú kẹ́tùlù rẹ̀ wò. Ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ni kálísíọ́mù inú omi ẹ̀rọ ibẹ̀. Omi Japan rọ̀ lápapọ̀, omi London le, omi líle kì í sì jẹ́ kí kombu tú adùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Omi inú ike tí kálísíọ́mù rẹ̀ kéré ló máa yanjú rẹ̀. Ka ara ike náà kó o tó rà á.

Má da kombu àti ẹja tó kù nù. Da ìdajì lítà omi lé wọn lórí, gbé e ka iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi ẹ̀kúnwọ́ kékeré katsuobushi tuntun kún un níparí, kó o sẹ́ ẹ. Dashi kejì nìyẹn. Òórùn rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ, òun ló sì tọ́ sí ọbẹ̀ miso àti ohun tí a ó sè pẹ́. Ká fi dashi àkọ́kọ́ se elégédé, ìnáwó lásán ni lójú tèmi.

Ní 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì ní Tokyo, wá ohun tó ń dùn nínú omi kombu lọ. Ó rí i pé glutamate ni, ó sì pe adùn náà ní umami, torí kò bá dídùn ṣúgà, kíkan, kíkorò tàbí iyọ̀ mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á bí ẹyọ funfun wẹ́wẹ́. Orúkọ tí wọ́n tà á mọ́ ni Ajinomoto, tó túmọ̀ sí orísun adùn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì lọ́jà wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń bù sínú ọbẹ̀ láìmọ ibi tó ti wá, inú ewé òkun yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1913, Shintaro Kodama, ọmọlẹ́yìn Ikeda, rí tiẹ̀ nínú katsuobushi, inosinate. Nígbà tó yá, Akira Kuninaka fi hàn pé bí irú adùn méjèèjì bá pàdé, agbára wọn lẹ́nu á pọ̀ ju ká ro wọ́n pọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kombu nìkan fi máa ń dà bí omi lásán lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí ẹja nìkan náà sì máa ń dà bí èéfín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà pọ̀, wọ́n á di ọbẹ̀.

Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́. Kí ni irú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nínú ẹ̀fọ́ rírò ń ṣe bí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Irú mú glutamate wá, ẹja mú inosinate wá. Ẹnu ọmọ Yorùbá ti mọ umami kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa ń gbé ata àti epo rù, tiwọn dá dúró níhòòhò, nítorí náà àṣìṣe kò níbi tó máa sá pamọ́ sí. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ẹja yíyan wa lè rọ́pò katsuobushi. Ẹja àrọ̀ kò lè ṣe é: ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, èéfín rẹ̀ sì wúwo. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n sá gbẹ láìfi èéfín sí i. Àwọn ará Japan náà ní irú rẹ̀, niboshi, wọ́n sì ń fi ṣe dashi. Já orí àti ìfun rẹ̀ sọ nù, torí ibẹ̀ ni ìkorò wà, rẹ gíráàmù 25 sínú lítà omi kan fún wákàtí kan, sè é lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó o máa bu ìfófòó ojú rẹ̀ dànù.

Ó wá kan ìrẹsì. Ibí yìí la ti ní láti gbàgbé ohun tí a mọ̀. Ìrẹsì tó pọ̀ lọ́jà wa, wọ́n ti fi omi gbígbóná sè é nínú èèpo kí wọ́n tó bó o, nítorí náà ó ń dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A tún máa ń bọ̀ ọ́, a ó da omi rẹ̀ nù, a ó fọ̀ ọ́, ká tó gbé e padà síná. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrẹsì Japan, o ti da oúnjẹ nù. Kúkúrú ni tiwọn, ó yí, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra kí igi ìjẹun lè gbé e. Koshihikari lorúkọ rẹ̀ lọ sókè jù. Ní Amẹ́ríkà, Calrose ti California á ṣe é. Ẹni tó wà ní Brazil kò níṣòro, àwọn ará Japan ti ń gbé ibẹ̀ láti 1908, gbogbo ohun tí mo dárúkọ níbí ló sì wà lórí àtẹ ní àdúgbò Liberdade ní São Paulo.

Ife tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ń gba mílílítà 180, ìyẹn bí gíráàmù 150. Ife méjì á yó èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin. Da omi àkọ́kọ́ lé e, yí i lẹ́ẹ̀mejì, sì yára dà á nù kíá. Ìrẹsì tó gbẹ ń mu omi bí ẹni tó ti inú oòrùn bọ̀, bí o bá sì jẹ́ kó mu omi ìdọ̀tí yẹn, òórùn èèpo kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ká ìka rẹ bí ẹni di bọ́ọ̀lù mú, kó o máa yí i nínú ìrẹsì láìsí omi, bí ogún ìgbà. Da omi sí i, dà á nù. Ṣe é títí omi á fi ṣú díẹ̀ péré, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Má wá omi tó mọ́ bíi dígí. Rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan bí òtútù bá mú, kó o gbọ̀n ọ́n sínú asẹ́. Ẹyọ tó ti mumi tó á funfun balau, kò ní mọ́ gaara mọ́.

Fi mílílítà 400 omi sí ife méjì náà nínú ìkòkò tó nípọn, tí ọmọrí rẹ̀ dé mọ́ ọn dáadáa. Iná ńlá díẹ̀ títí á fi hó. Bó bá ti hó, dín in kù pátápátá, ìṣẹ́jú méjìlá. Pa iná, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Láti ìgbà tí iná ti wálẹ̀, má ṣí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan lórí èyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ kí iná máa jó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, láàárín kó jó fìrìfìrì, bí ọmọ ìkókó tilẹ̀ ń ké, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ọmọrí. Ooru tó há sínú ìkòkò ló ń parí iṣẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀. Bí òkè rẹ̀ bá le tí ìsàlẹ̀ rọ̀, kò mumi tó kó tó dóríná, tàbí ẹnì kan ti yọjú wò ó. Nígbà tí o bá ṣí i, ki ìgbakọ tí o ti rẹ sómi bọ ìdí rẹ̀, gé e bí ẹni gé àkàrà òyìnbó, yí i sókè kí ooru jáde. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ di tùwó.

Ọbẹ̀ miso kò gba àkókò bí dashi bá ti wà nílẹ̀. Ẹ̀wà sóyà, iyọ̀, àti ìrẹsì tàbí ọkà báálì tí wọ́n ti gbin èbu kan tí wọ́n ń pè ní koji sí, ni wọ́n ń fi ṣe miso, wọ́n á sì jẹ́ kó pẹ́ nínú àgbá. Èyí tó funfun dùn, iyọ̀ rẹ̀ kéré. Èyí tó pupa ti pẹ́, ó sì lágbára. Fún abọ́ mẹ́rin, mílílítà 700 dashi àti gíráàmù 50 sí 60 miso, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, dín in kù bó bá jẹ́ èyí tó niyọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń hù nínú ilẹ̀, bíi kárọ́ọ̀tì, inú dashi tútù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé àti tofu, ìgbẹ̀yìn. Tofu yìí, ẹni tó ti jẹ wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà ní Ìlọrin ti mọ ẹbí rẹ̀. Omi kíkorò tó ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ni wọ́n ń fi mú un dì ní Japan, níbi tí àwọn tiwa ti ń lo omi ògì kíkan.

Dín iná kù kí miso tó wọ̀ ọ́. Bu dashi díẹ̀ sínú ìgbọbẹ̀, yọ́ miso sínú rẹ̀ títí kò fi ní kókó, kó o tó dà á sínú ìkòkò. Bí o bá jù ú síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á rí kókó iyọ̀ nínú abọ́ rẹ̀. Máa wo àárín ìkòkò. Nígbà tí ojú omi bá mì lẹ́ẹ̀kan, tó fẹ́ wú, pa á. Àkókò kékeré yẹn ni òórùn miso pé jù, àwọn ará Japan sì ní orúkọ fún un: niebana, òdòdó híhó. Bó bá hó kọjá ibẹ̀, òórùn rẹ̀ á bá ooru lọ, iyọ̀ á kù. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé kaná lẹ́ẹ̀mejì máa ń korò lọ́fun, nítorí náà ìwọ̀nba tí wọ́n máa mu ni kó o sè.

Nínú ohun tí wọ́n ń sè pẹ́, elégédé ni mo máa kọ́kọ́ ní kí èèyàn gbìyànjú. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń rántí pẹ̀lú ìlà kan nínú lẹ́tà wọn, sa, shi, su, se, so: ṣúgà, iyọ̀, fínígà, shoyu (omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe), miso, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọ inú ìkòkò. Ṣúgà ló ń lọ́ra jù láti wọlé, bí iyọ̀ bá sì ti gba ipò, ṣúgà kò ní ráyè mọ́. Shoyu àti miso kẹ́yìn torí òórùn wọn kò fẹ́ iná pípẹ́.

Gé gíráàmù 400 elégédé sí ègé tó tó ẹnu méjì, fi ọ̀bẹ fá etí mímú rẹ̀ kí wọ́n má baà gbá ara wọn fọ́. Tò wọ́n ní ipele kan, èèpo nísàlẹ̀. Mílílítà 250 dashi, ṣíbí ìjẹun ṣúgà kan àtààbọ̀. Jẹ́ kó sè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó o tó fi ṣíbí shoyu kan àtààbọ̀ sí i. Elégédé Nàìjíríà lómi ju tiwọn lọ, nítorí náà mílílítà 180 á tó o. Gé bébà tí wọ́n fi ń yan nǹkan ní róńdó, kó kéré díẹ̀ sí ẹnu ìkòkò, dá ihò sí i láàárín, tẹ́ ẹ lé elégédé náà lórí gan-an. Ọmọrí tó ń jábọ́ sínú ìkòkò nìyẹn. Omi díẹ̀ á hó, á kan bébà náà, á tún padà sórí ègé kọ̀ọ̀kan, kò sì ní sí pé à ń rò ó títí á fi fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, lórí iná kékeré. Pa iná, kó o fi í sílẹ̀. Ìgbà tó bá ń tutù ni adùn ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá bù ú kíákíá á rí i pé ara rẹ̀ nìkan ló dùn.

Ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí o fi mirin tàbí sake sí i. Ọtí wà nínú méjèèjì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí lè fi ṣúgà díẹ̀ àti omi rọ́pò wọn. Kó sì ka ara ìgò shoyu àti ọ̀rá miso pẹ̀lú, torí wọ́n máa ń fi ọtí díẹ̀ sí àwọn kan kó má baà bàjẹ́.

Mi ò lè kúrò níbí láìdárúkọ natto. Ẹ̀wà sóyà sísè tí kòkòrò àìfojúrí Bacillus subtilis ti ṣiṣẹ́ lé lórí ni, kòkòrò kan náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa. Òórùn rẹ̀ á sọ fún ọ pé ẹbí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbé e kaná mọ́. Wọ́n á fi igi ìjẹun rò ó títí á fi máa yọ̀ fàà bí ilá, wọ́n á kán shoyu sí i, wọ́n á dà á sórí ìrẹsì gbígbóná. Ẹni tó fẹ́ràn irú wooro, tí ọbẹ̀ tó ń yọ̀ kò sì ṣe é ní kàyééfì, ti gba ìdajì ọ̀nà já.

Bí gbogbo rẹ̀ bá délẹ̀, ìrẹsì lọ́wọ́ òsì, ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, elégédé àti ìyókù lẹ́yìn wọn. Ní 2013, UNESCO fi àṣà oúnjẹ yìí, washoku, sínú àkójọ kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ifá wà. Má gún igi ìjẹun dúró sínú ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún òkú. Má sì fi igi rẹ gba oúnjẹ lẹ́nu igi ẹlòmíì, torí bí wọ́n ṣe ń kó egungun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkú nìyẹn. Kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á ní itadakimasu: mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á.

Ó ku kombu tó ti ṣe dashi lẹ́ẹ̀mejì. Máa kó o sínú fírísà títí á fi pé gíráàmù 100. Gé e tín-ín-rín, da mílílítà 200 omi àti ṣíbí tíì fínígà kan lé e kó lè rọ̀, sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan, shoyu méjì, yànmọ̀tí yíyan níparí. Èyí ni ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí tó fẹ́ kí iná máa lọ. Jẹ́ kó hó, jẹ́ kí omi fà, kó o máa rò ó títí ìdí ìkòkò á fi máa dán, tí wàá sì gbọ́ ọ tó ń dún ṣẹ́ẹ́ bí ata tó ti dín. Ṣíbí kékeré kan lórí ìrẹsì gbígbóná ti tó.